Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Fi Wọn Ariwo Ilé Dátà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ó wù mí kí ìwé yìí bá ọ láàárọ̀ nígbà tí ara ṣì fúyẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, pàápàá èyí àbíkẹ́yìn tí ẹ ní ó ti ń dá rìn. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e lọ síbi ire. Kí iṣẹ́ rẹ má le jù ọ́ lọ, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí ilé tí ẹ háyà má jò lé yín lórí. Àmín. Èmi náà wà. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn mí díẹ̀ bí mo bá dìde lórí àpótí, ṣùgbọ́n ohun tó ti lò ju ọgọ́ta ọdún lọ tí kò bá dun ènìyàn, a jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí fóònù kò sì lọ. Kò bàjẹ́, wọn kò sì jí i. Èmi ni mo pa á, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú àpótí irinṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn. Wọ́n sọ fún mi pé gbogbo ohùn tí a bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, inú ilé dátà, irú èyí tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ilé wa, ló ń gbà kọjá, àti pé bí ohùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀rọ ibẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ sí i, tí ariwo rẹ̀ yóò sì máa ga sí i. Mo wá rò ó pé bí mo bá mú ohùn tèmi kúrò níbẹ̀, ó kéré tán, ariwo náà á fi ti ẹnì kan dín. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni mo ti ń tẹ́tí, kò tíì dín. Bóyá ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Fi sùúrù kà á, nítorí ọwọ́ mi ni mo fi fa ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò.

O rántí pápá ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí màmá rẹ máa ń sá aṣọ sí. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan dé síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí kò yẹ kó tẹ ẹrẹ̀. Kò sí ohun tí ènìyàn sọ fún un tí kì í fi rẹ́rìn-ín. Àní nígbà tí mo sọ pé ìyàwó mi ti kú, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó rántí, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ní ilé iṣẹ́ òun fẹ́ kọ́ ilé dátà sórí pápá náà. Mo bi í bóyá dátà tí a ń rà sórí fóònù ni, ó ní ó jọ ọ́. Inú mi dùn. Mo ní ẹni tó ń gbé etí odò kì í ra omi ní iye tí ará òkè ń rà á, pé kí wọ́n máa dín owó dátà kù fún wa lẹ́nu géètì wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ṣebí ó ti gbà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣàdédé kọ́ ọ, nítorí òfin wà. Wọ́n pè wá sí ilé ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n gbé àwòrán ìlú kọ́ sára ògiri, wọ́n ti kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ibi tí ènìyàn ń gbé jẹ́ yẹ́lò, ibi tí wọ́n ti ń dáko jẹ́ àwọ̀ ewé, ibi tí ilé iṣẹ́ ń wà jẹ́ elésè àlùkò. Mo wá ilé wa títí mo fi rí i, kékeré bí èékánná, yẹ́lò ni wọ́n kùn ún. Mo pe akọ̀wé ìgbìmọ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, mo ní àṣìṣe wà níbí, búlúù ni ilé mi, ìyàwó mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan ọ̀dà náà, ó ti di ọdún mẹ́wàá kò tíì ṣí. Ó ní bí òun bá kùn ún ní búlúù, ẹni tó bá ń wo àwòrán náà á rò pé inú adágún omi ni mo ń gbé. Mo ní kò burú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn títí di òní.

Bí akọ̀wé náà ṣe túmọ̀ òfin fún wa nìyí. Kí wọ́n tó lè yí pápá kúrò ní àwọ̀ ewé sí elésè àlùkò, ilé dátà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé tí ènìyàn ń sùn sí, ó gbọ́dọ̀ jìnnà tó igba ìṣísẹ̀. Àfi bí onílé tó wà láàárín igba ìṣísẹ̀ náà bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Wọ́n wá rán ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ níwájú, tí kẹ̀kẹ́ náà ń ka ìrìn rẹ̀. Láti ibi tí ògiri wọn yóò wà dé ẹnu ọ̀nà mi, ó jẹ́ ọgọ́fà. Láti ibẹ̀ kan náà dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Agbẹ̀bí, ó jẹ́ igba ó lé mọ́kànlá. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe di tèmi nìkan. Nítorí ìṣísẹ̀ mọ́kànlá, Ìyá Agbẹ̀bí kò ní ẹnu níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, o mọ ẹni tí Ìyá Agbẹ̀bí jẹ́ fún wa. Ọwọ́ rẹ̀ lo bọ́ sí nígbà tí o wáyé. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé tó ti ń gbẹ̀bí nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀, fún àwọn obìnrin tí ilé ìwòsàn jìnnà sí. Èmi ni mo gbẹ́ igi oníhò tó máa ń gbé lé ikùn aboyún, èyí tó ṣe bí fèrè ẹlẹ́nu gbàgàdà, tó ń fi etí lé kó lè gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù nínú lọ́hùn-ún. Ó ní ti òyìnbó kò dára tó o. Nígbà tí màmá rẹ kú, òun ló ń bu omi sí àmù mi fún oṣù méjì gbáko, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan.

Àbúrò rẹ̀ tó wà ní ìlú kejì ń ṣàìsàn lásìkò náà, ó fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti kọ́ irú ilé dátà bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, òun á fojú ara òun rí i, òun á sì bi àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n dé ná." Mo ní mo ti gbọ́, n ó dúró dè é.

Ọmọ mi, díẹ̀ ló kù kí n fo ibi tó kàn yìí. Ibí ló ti dùn mí jù.

O rántí fóònù mi àtijọ́, èyí tó já sínú kànga. Ohùn màmá rẹ wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ lẹ́yìn tí o bí àkọ́bí rẹ. Ó ní kí n kó pákó wọlé, òun gbọ́ pé òjò ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àti pé kí n yé jẹ ìjẹkújẹ nítorí òun kò sí nílé. Ìyẹn nìkan ni. Lẹ́yìn tó kú, àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ kí n tó mú ayùn. Nígbà tí fóònù náà já sómi, ìwọ lo ń pẹ̀tù sí mi nínú, o ní ohun tó bá wà lórí fóònù kì í sọnù báyìí, ojú sánmà ló ń lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó síta, òkè ni mò ń wò.

Ní ọjọ́ kẹta tí Ìyá Agbẹ̀bí lọ, Ẹlẹ́rìn-ín wá. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń gun ojú sánmà lọ kó nǹkan tó wà níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe sánmà tí òjò ń tibẹ̀ rọ̀, ó ní inú irú ilé tí àwọn fẹ́ kọ́ yìí ni gbogbo rẹ̀ wà, àwòrán, ìwé, ohùn. Mo bi í bóyá ohùn ẹni tó ti kú náà wà níbẹ̀. Ó ní ohùn gbogbo ènìyàn ni. Ó sì fi kún un pé ọ̀la ni àkókò ìwé náà yóò pé, bí n kò bá fọwọ́ sí i, ìlú mìíràn ni àwọn yóò kọ́ ọ sí. Ọkàn mi ro ọgọ́fà ìṣísẹ̀. Mo rò ó pé bí màmá rẹ bá sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, kí ni mo tún ń wá.

Mo kọ ìwé náà fúnra mi. Wọ́n béèrè àdírẹ́sì ímeèlì, mo kọ pé ilé aláwọ̀ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Wọ́n béèrè pé ẹni mélòó ló ń gbé inú ilé, mo kọ méjì, mo wá rántí, mo fi bírò pa á, mo kọ ọ̀kan. Mo sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí dé, èmi ni mo lọ bá a. Ó ti ń sọ fún mi láti ẹnu ọ̀nà pé ilé tí òun rí lọ́hùn-ún ń kùn tọ̀sán-tòru bí agbọ́n tí kò rí ibi bà. Mo ní mo ti fọwọ́ sí i. Ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ò lè dúró dè mí?" Ojú tì mí láti sọ pé nítorí ohùn ni, àgbà bíi tèmi. Mo ní wọ́n kán mi lójú. Ó ní ó dáa, ó wọlé.

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé náà ò ní fèrèsé kan ṣoṣo, ó dà bí ẹni tó dijú. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tan ẹ̀rọ, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó rẹ, mo lọ sẹ́nu géètì, mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ pé mo wá gba ohùn ìyàwó mi. Ó yẹ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní òun kò rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ó fi lọ pe ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ilé. Ọmọ náà jáde pẹ̀lú ìdérí méjì lórí etí rẹ̀, ó ṣí wọn kó lè gbọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà ní ohun tí wọ́n fi ń bo etí. Wọn kò há irú rẹ̀ fún àdúgbò.

Ó fi sùúrù sọ fún mi pé òun gan-an kò mọ ohun ta ló wà nínú ẹ̀rọ wo, bí ẹ̀ṣọ́ báǹkì kò ṣe mọ owó ta ló wà nínú àpótí. Ó ní ó lè jẹ́ ilé mìíràn tó jìnnà ni ohùn náà wà, ó sì lè má sí níbì kankan. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà fóònù àtijọ́. Ẹni tó ta fóònù náà fún mi ló fi sí i, n kò mọ̀ ọ́n. Mo dán gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó lè ṣí ilẹ̀kùn wò. Mo ní ẹ jọ̀ọ́. Mo ní ẹ dákun. Mo ní ẹ ṣàánú mi. Ó ní kì í ṣe ìyẹn, bàbá. Omi ti lé sí i lójú. Mo tọrọ gáfárà, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ti dátà ẹ̀dínwó náà, n kò tilẹ̀ rántí béèrè.

Ariwo náà kò pọ̀ bí àrá. Bí ó bá pọ̀ bẹ́ẹ̀, ènìyàn ì bá bínú sí i kó sì parí. Ó kàn ń kùn ni, ó ń kùn, ó wọ inú ìrọ̀rí, ó wọ inú omi tí a bù sínú ife. Èmi tí mò ń lu ìṣó láti àárọ̀, etí mi ti le, mo ń fara dà á. Ṣùgbọ́n etí ni iṣẹ́ Ìyá Agbẹ̀bí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀sán gangan, wọ́n gbé ìyàwó ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń rọbí. Ìyá Agbẹ̀bí gbé igi lé ikùn rẹ̀, ó fi etí lé e, ariwo lásán ló gbọ́. Ó ti fèrèsé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí gbogbo ènìyàn mú èémí dúró. Ó yí igi náà kiri títí, kò gbọ́ ọkàn ọmọ. Ó gbà pé ọmọ ti kú sínú, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n sáré gbé obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì bí ọmọ náà láàyè, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Gbogbo wa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Agbẹ̀bí jókòó sórí àga nínú yàrá yẹn, ó ní òun ti sọ fún abiyamọ pé ọmọ rẹ̀ kú, ọmọ náà sì wà láàyè. Ó ní lọ́jọ́ mìíràn, òun lè sọ pé ó wà láàyè. Etí tó bá ti lè purọ́ báyìí, òun kò ní fi gbẹ̀bí mọ́.

Kí oṣù náà tó parí, ó kó lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìbátan rẹ̀, ní ìhà kejì ìlú pátápátá, níbi tí ariwo náà kò dé, kó lè máa gbẹ̀bí níbẹ̀. Èmi ni mo bá a tú ibùsùn tí àwọn aboyún ń dùbúlẹ̀ lé. Èmi ni mo kàn án láyé ìjọ́sí. Ó ń gba ìṣó lọ́wọ́ mi, ó ń kó wọn sínú agolo.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ẹlẹ́rìn-ín tún dé. Ó ní wọ́n fẹ́ kọ́ ìkejì mọ́ ìkínní, wọ́n tún nílò ọwọ́ mi. Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín, mo ní kó máa rín in lọ. Wọ́n tún pè wá sí ilé ìgbìmọ̀. O mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, àní níbi ìgbéyàwó rẹ, àbúrò mi ló bá mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo dìde. Mo di àga iwájú mú. Mo ní, "Ẹsẹ̀ lẹ fi wọ̀n ọ́n, ariwo kò sì ní ẹsẹ̀. Ẹ lọ dúró sí yàrá tí obìnrin yẹn ti ń gbẹ̀bí, kí ẹ fi etí wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo sọ fún un pé n ó dúró dè é, n kò dúró." Mo jókòó. Akọ̀wé yẹn kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń kọ ọ́.

Wọ́n lọ síbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń ka ariwo dání. Wọ́n ti yí òfin náà padà báyìí. Ilé dátà tí wọ́n bá tún fẹ́ kọ́ nílùú yìí, ojú fèrèsé olúkúlùkù ni wọn yóò ti wọn ariwo rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń gbọ́ ọ ní ẹnu níbẹ̀, ìbáà ṣe ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀. Wọn kò fún ilé iṣẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín láyè láti kọ́ ìkejì. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ wá kí mi, wọ́n ní mo ṣe bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ìkínní wà níbẹ̀. Akọ̀wé ní ó bófin mu lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, òfin tuntun kò sì lè wó ilé àná. Ó fi ìwé tí mo fọwọ́ sí hàn mí. Mo rí ibi tí mo ti pa méjì, tí mo kọ ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ kí Ìyá Agbẹ̀bí. Mo sọ ti ohùn màmá rẹ fún un nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, gbogbo rẹ̀, títí kan ti pákó àti ìjẹkújẹ. Ó wá ní, "Ká ní ẹ ti sọ fún mi ni, à bá jọ lọ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i." Ó ní òun kò bínú sí mi mọ́, ṣùgbọ́n òun kò ní padà sí àdúgbò wa. Ó bu omi fún mi mu. Ọmọ mi, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ nìyí, kì í sì í ṣe fún ara mi. Ọ̀nà ti jìn fún àwọn aboyún àdúgbò yìí. Mo ti bá ẹnì kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sọ̀rọ̀, ó gbà láti máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí, kó sì máa gbé wọn bọ̀, bí a bá ń fún un ní owó epo. Ohun tí mò ń rí nídìí àga àti tábìlì kò ní tó o. Ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ bá ká lóṣooṣù, fi ránṣẹ́ sí onítọ̀hún tààrà, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí. Má kọ orúkọ mi sí i. Bí Ìyá Agbẹ̀bí bá béèrè, kí onítọ̀hún sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó bọ́ sí ọwọ́ ìyá náà ni. Kì í ṣe irọ́.

N ó tan fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, fún ìgbà díẹ̀. Pè mí nígbà náà, kí á sọ ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì, kí n tún pa á.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò dé. Kí ọwọ́ rẹ má yá ju ọkàn rẹ lọ. Kí o má fi ìkánjú tọwọ́ bọ ohun tí ẹlòmíràn yóò máa fi etí gbọ́ títí ayé. Bí o bá sì sọ fún ẹnì kan pé kó jẹ́ kí o dé ná, kí ó dúró dè ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.